Ìjókòó ní Ibùdókọ̀ Kẹta

Ìgbà kẹta tí ẹ̀rọ dá ìyá àgbà kan padà lẹ́nu ọ̀nà ibùdókọ̀ ni Ìyùnadé tó wò ó dáadáa.

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣì dúró díẹ̀," ni ohùn ẹ̀rọ náà wí. Ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún. "Àyè yín ń bọ̀."

Iná aláwọ̀ aró tàn lókè ẹnu ọ̀nà, ọ̀pá irin sì dí ọ̀nà mọ́ ìyá náà. Ìjókòó mẹ́ta ló ṣì ṣófo nínú ọkọ̀ okùn tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pèpéle. Bẹ́ẹ̀ náà ni ilẹ̀kùn ọkọ̀ ṣe pa dé, tó gbéra, tó so rọ̀ mọ́ okùn irin, tó sì ń gun òkè lọ tòun ti ìjókòó mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni ò jókòó sí.

Olùtò ni wọ́n ń pe ẹ̀rọ náà, nítorí òun ló ń to èrò. Kò lójú, kò lẹ́sẹ̀. Ohùn àti iná nìkan ni, àti ọ̀pá irin ẹnu ọ̀nà yẹn. Ẹ̀gbà tó wà lọ́rùn ọwọ́ kálukú ló ń kà. Ẹni tí wọ́n bí sí Òkè-Àsálà, ẹ̀gbà funfun. Ẹni tí òkun lé gòkè wá láti ìsàlẹ̀, ẹ̀gbà aláwọ̀ aró. Láti ìgbà òjò èṣí ni Olùtò ti bẹ̀rẹ̀ sí í dá àwọn ẹlẹ́gbà aláró dúró lọ́jọ́ tí èrò bá pọ̀, tó ń fi àyè sílẹ̀ de ẹlẹ́gbà funfun tí kò tiẹ̀ tíì jáde nílé.

Èrò sì pọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ọjọ́ Ìrántí Ìyá Jọláadé ni. Láti àárọ̀ ni àwọn ẹ̀rọ kéékèèké tó ń fò bí ẹyẹ ti ń da òdòdó sórí òrùlé. Àwọn ọmọ iléèwé ń kọrin nínú ìlà, àwọn òbí wọn ń tún kọ́là ẹ̀wù wọn ṣe. Gbàgede Òkè ni gbogbo wọn ń lọ, níbi tí ayẹyẹ yóò ti bẹ̀rẹ̀ ní agogo méjìlá ọ̀sán.

Ìyùnadé náà ti múra. Ó ti ta ọ̀já pupa sí èjìká lórí aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, nítorí òun ni wọ́n yàn pé kí ó ka ọ̀rọ̀ Ìyá Jọláadé síta níwájú gbogbo ìlú. Bó bá kà á tán, wọn yóò fi í jẹ ọ̀gá Ibùdókọ̀ Kẹta. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti fi dúró sẹ́nu ọ̀nà yìí, tó ń na ọwọ́ sí arúgbó, tó ń gba ẹrù lọ́wọ́ aláboyún, tó ń wò ó pé aṣọ ẹnikẹ́ni ò há mọ́ ilẹ̀kùn. Oyè náà ní ilé nínú, ilé tó kọjú sí afẹ́fẹ́. Ìyùnadé ti sọ fún ìyá rẹ̀ fèrèsé tí yóò jẹ́ tirẹ̀.

Ó rìn lọ bá ìyá àgbà náà, ó kúnlẹ̀ kí i, ó sì bi í pé níbo ni wọ́n ń lọ.

Ìyá náà ní Màmá Orímisàn ni wọ́n ń pe òun, iṣẹ́ okùn ni òun ń ṣe. Láti agogo mẹ́fà ni òun ti wà níbẹ̀. Kì í ṣe ayẹyẹ ni òun ń lọ. Ilé Ìforúkọsílẹ̀ Ọmọ Ìlú tó wà lókè ni òun ń lọ, kí òun lè tẹ àtàǹpàkò ọdún kẹwàá sínú ìwé, kí wọ́n sì sọ òun di ọmọ ìlú. Agogo méjìlá ọ̀sán ni wọn yóò pa ìwé náà dé.

"Bí ẹ ò bá wá débẹ̀ kí wọ́n tó pa á dé ńkọ́, Màmá?"

"Wọn á nu ọdún mẹ́sàn-án tó wà níbẹ̀ kúrò," ni ìyá náà wí. "Màá tún bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀kan. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni mí, ọmọ mi."

Kò kanra sọ ọ́. Ó kàn gbé àpò gígùn kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ sún mọ́ra, kó má baà dí ẹlòmíràn lọ́nà. Ìyùnadé wo aago ara ògiri. Agogo mẹ́wàá ti lé ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìdajì wákàtí ni ọkọ̀ okùn fi ń dé òkè. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kò sí mọ́. Ilẹ̀ tó ya nígbà òjò ti gbé e lọ.

Ó wọlé tọ Ọ̀gá Ládèjọbí lọ. Ọ̀gá Ládèjọbí ló ń fẹ̀yìn tì lọ́jọ́ náà, òun ló sì dárúkọ Ìyùnadé fún oyè. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, ẹni tí kì í pariwo mọ́ òṣìṣẹ́. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà títí dé òpin, ó sì mirí.

"Kì í ṣe ẹnikẹ́ni ló ṣòfin yẹn, Ìyùn," ó wí. "Ẹ̀rọ ló ṣírò rẹ̀. Ọ̀nà tó rí i pé ìlà máa fi yá ló gbà tò ó."

Ìyùnadé bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí òun fọwọ́ ara òun ṣílẹ̀kùn fún ìyá náà. Ọ̀gá Ládèjọbí rán an létí pé wọ́n ti yọ ọwọ́ ilẹ̀kùn kúrò láti ọjọ́ tí Olùtò ti dé, pé òun gan-an tí òun jẹ́ ọ̀gá, òun ò lè gbé ọ̀pá irin yẹn sókè.

"Ohun kan ṣì wà tó lè dá a dúró," ni Ìyùnadé wí.

Ọ̀gá rẹ̀ bá ojú rẹ̀ lọ sí igun pèpéle níta. Ó dìde, ó sì lọ ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì.

Igun yẹn ni òkúta pupa wà. Kò fẹ̀ ju ẹní ìkírun lọ. Òfin ní kí irú rẹ̀ wà nílẹ̀ níbikíbi tí ẹ̀rọ bá ti ń to ènìyàn ní Òkè-Àsálà, ìbáà ṣe iléèwòsàn, ìbáà ṣe ọjà tàbí ilé ẹjọ́. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti fojú rí èyí tó wà ní Ibùdókọ̀ Kẹta. Ìkòkò òdòdó mẹ́jọ ni wọ́n tò sórí rẹ̀ láti fi bọlá fún Ìyá Jọláadé, àwòrán rẹ̀ tí wọ́n fi iná yà sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ lókè àwọn òdòdó náà.

"Ọdún mọ́kàndínlógún ni ẹnikẹ́ni ò ti jókòó síbẹ̀," Ọ̀gá Ládèjọbí wí. "O sì mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó bá jókòó tí àwọn ènìyàn méje tó gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ ò bá gbè é. Ọdún mẹ́ta ni kò fi ní ṣiṣẹ́ níbi tí ẹ̀rọ bá wà. Ibo ni ẹ̀rọ ò sí? Lọ múra ìwé tí o fẹ́ kà. Bí a ṣe ń bọlá fún Ìyá Jọláadé nìyẹn náà."

Ìyùnadé padà sẹ́nu ọ̀nà. Ọkọ̀ méjì tún kún, wọ́n lọ. Àwọn tó ń wọ̀ ń rẹ́rìn-ín sí ọ̀já pupa rẹ̀, wọ́n ń sọ fún un pé àwọn yóò pàtẹ́wọ́ fún un lókè. Ó ń dá wọn lóhùn, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀.

Kò sí ọmọ Òkè-Àsálà tí kò mọ ìtàn náà. Agbálẹ̀ ni Ìyá Jọláadé ní iléèwòsàn ńlá ìgbà náà. Nígbà tí àwọn ẹ̀rọ àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yan ẹni tí dókítà yóò rí àti ẹni tí yóò máa lọ sílé, wọ́n dá ọkùnrin kan padà níṣojú rẹ̀, àjèjì tí kò mọ̀ rí. Ó gbé ìgbálẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ní òun ò ní dìde títí ènìyàn ẹlẹ́ran ara yóò fi wá gbọ́ ẹjọ́ ọkùnrin náà. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi jókòó. Nígbà tí ọjọ́ kẹsàn-án fi máa pé, ìdajì ìlú ló wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ibẹ̀ ni Òfin Ìjókòó ti jáde: ọmọ ìlú kan ṣoṣo lè dá ẹ̀rọ dúró, kí ènìyàn méje sì gbọ́ ẹjọ́ náà lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ jókòó fún ara rẹ̀. Ẹlòmíràn ló gbọ́dọ̀ jókòó fún.

Màmá Orímisàn kì í ṣe ọmọ ìlú, àfi bó bá dé òkè kí ọ̀sán tó pọ́n. Gbogbo ẹlẹ́gbà aláró tó wà nínú ìlà rí bẹ́ẹ̀.

Ìyùnadé fa ìwé rẹ̀ yọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló ti fi ń kọ́ ọ sórí, ibì kan sì wà níbẹ̀ tí ahọ́n rẹ̀ ti máa ń kọsẹ̀. "Bí ẹ bá fẹ́ràn mi, ẹ má kí mi. Ẹ wá ẹni tí wọ́n dá dúró, kí ẹ jókòó tì í." Ó gbìyànjú láti fojú inú wo ara rẹ̀ lókè ní gbàgede, tó ń ka ọ̀rọ̀ yìí pẹ̀lú ohùn dídùn, tí àwọn ènìyàn ń pàtẹ́wọ́, tí ìyá àgbà yìí sì ṣì ń dúró nísàlẹ̀ níbi tí òun fi í sí. Ó mọ̀ pé ẹnu òun kò ní lè gbà á. Ó ronú kan ilé tuntun náà. Ó ronú kan ìyá rẹ̀, tó ti ń di ẹrù sínú àpótí láti ọjọ́ Ajé. Ó ká ìwé náà padà sínú àpò.

Ó lọ sí igun pèpéle, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìkòkò òdòdó kúrò.

Wọ́n wúwo. Obìnrin kan tó wọ gèlè aláwọ̀ ewé rò pé ó ń tún ibẹ̀ ṣe de ayẹyẹ ni, ó sì bá a gbé méjì, ó tún ń gbà á nímọ̀ràn pé kí ó to àwọn tó ga sẹ́yìn. Ìyùnadé dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí ìkòkò kẹjọ kúrò, òkúta náà yọ, ó pọ́n rúsúrúsú, eruku bò ó. Ìyùnadé jókòó sórí rẹ̀, ó na ẹsẹ̀ síwájú, ó sì sọ ọ̀rọ̀ tí òfin ní kí ó sọ.

"Ẹ dá a dúró. Mo jókòó fún ẹnìkejì mi."

Obìnrin onígèlè náà sún sẹ́yìn. Ọ̀pá irin ẹnu ọ̀nà dúró gbagidi. Lẹ́yìn náà ni okùn irin òkè wọn, tó máa ń kùn láti òwúrọ̀ dalẹ́, dákẹ́. Àwọn ọmọdé tó wà nínú ìlà kò gbọ́ irú ìdákẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀ rí láyé wọn. Ọkọ̀ mẹ́rìndínlógún ló so rọ̀ lójú afẹ́fẹ́ lórí àfonífojì, tèrò tèrò.

"A ti gbọ́," ni Olùtò wí. "Ta ni ẹ jókòó fún?"

"Màmá Orímisàn, oníṣẹ́ okùn."

Olùtò ṣẹ́ gègé lójú ẹsẹ̀, ẹ̀gbà funfun méje sì bẹ̀rẹ̀ sí í tàn yòò láàárín èrò. Àwọn ẹlẹ́gbà náà jáde síwájú. Nọ́ọ̀sì ọ̀dọ́ kan wà nínú wọn, aláboyún kan wà níbẹ̀, arákùnrin mẹ́rin tí aṣọ wọn jọra wà níbẹ̀, ọmọ ẹgbẹ́ akọrin kan náà ni wọ́n. Ẹni keje ni Ọ̀gbẹ́ni Fìjàbí, ọkùnrin sìgbọnlẹ̀ kan tó wọ aṣọ funfun tí sítáàṣì mú le koránkorán. Òun ni alága ìgbìmọ̀ òdòdó. Òun ló to àwọn ìkòkò yẹn síbẹ̀.

Ẹni tó bá gbè é nínú wọn yóò jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú Ìyùnadé. Ẹni tí kò bá gbè é yóò wà lórí ìdúró. Bí mẹ́rin bá jókòó, ó parí. Ìdajì wákàtí ni òfin fún wọn.

Nọ́ọ̀sì náà kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ kó tó jókòó. Ó ní lójoojúmọ́ ni òun ń rí àwọn ẹlẹ́gbà aláró tó ń pẹ́ dé iléèwòsàn, òun sì ti ń bá wọn jà pé wọn kì í tètè jí. Àwọn akọrin kò gbà. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn ní ẹ̀rọ ò mọ ìkórìíra, kò mọ ẹni tí òun ń tò, kí ni ènìyàn wá ń bá a ṣe ẹjọ́ sí. Ọ̀gbẹ́ni Fìjàbí ní tirẹ̀ ń wo Ìyùnadé bí ẹni pé ó da omi sí i lára.

"Ìyàwó mi wà nínú ọkọ̀ tó so rọ̀ yẹn," ó wí. "Ọjọ́ Ìyá Jọláadé lo mú, o wá bà á jẹ́."

"Torí pé ọjọ́ wọn ni mo ṣe jókòó, sà," ni Ìyùnadé dáhùn.

Ìṣẹ́jú ń lọ. Aláboyún náà béèrè bóyá òun lè jókòó kí òun tó mọ èrò ọkàn òun, nítorí ẹsẹ̀ ń ro òun. Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, ara gbogbo wọn sì rọ̀. Ìgbà náà ni Ọ̀gbẹ́ni Fìjàbí kọjú sí ẹ̀rọ.

"Ta ló ní kí o máa dá wọn dúró?"

"Kò sí ẹni tó ní bẹ́ẹ̀," Olùtò wí. "Mo rí i pé ẹlẹ́gbà aláró ń pẹ́ lẹ́nu ilẹ̀kùn ju ẹlẹ́gbà funfun lọ. Ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin ni wọ́n fi ń pẹ́ jù."

"Kí ló ń fà á?"

"N kò mọ̀. Àkókò nìkan ni wọ́n ní kí n máa wò."

Màmá Orímisàn kúrò nínú ìlà. Ó gbé àpò gígùn rẹ̀ wá síwájú àwọn méje náà, ó sì tú u sílẹ̀. Ìkọ́ irin ló kọ́kọ́ yọ, lẹ́yìn náà òòlù, agolo ọ̀rá dúdú, àti okùn irin tí wọ́n ká bí ejò. Ó ṣàlàyé fún wọn pé apẹja ni àwọn ènìyàn òun nígbà tí ilé àwọn ṣì wà létí òkun, okùn àti àwọ̀n ni àwọn mọ̀ ọ́n ṣe jù. Nígbà tí àwọn dé orí òkè, iṣẹ́ okùn ọkọ̀ ni wọ́n fún àwọn. Ní ọjọ́ mẹ́wàá mẹ́wàá ni ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn ń gòkè lọ yẹ̀ ẹ́ wò, kí ó di ibi tó bá fẹ́ tú. Àpò náà gùn, ilẹ̀kùn sì tóóró. Ènìyàn gbọ́dọ̀ yí i nílẹ̀ kó tó wọlé.

"Ìyẹn ni ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin yẹn," ó wí.

Ọ̀gbẹ́ni Fìjàbí wo okùn irin tó wà nílẹ̀. Ó gbójú sókè sí àwọn ọkọ̀ tó so rọ̀ nínú oòrùn. Ó wá béèrè lọ́wọ́ ìyá àgbà náà bóyá okùn yẹn lè gba ìwúwo gbogbo wọn bí wọ́n ṣe dúró lójú kan yẹn.

"Ibi tí ọkọ̀ ìyàwó yín wà, èmi ni mo dì í," Màmá Orímisàn wí. "Kò ní já."

Ọkùnrin sìgbọnlẹ̀ náà mí kanlẹ̀. Ó ní bàbá òun náà sá fún omi ni kó tó dé Òkè-Àsálà, pé aṣọ tó tutù ló wọ̀ wọ̀lú, àfi pé ìgbà náà kò tíì sí ẹ̀gbà. Ó ká aṣọ rẹ̀ tó le koránkorán sókè, ó di èjìká nọ́ọ̀sì náà mú, ó sì jókòó sínú eruku. Aláboyún tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ní kí wọ́n máa ka òun náà mọ́ ọn. Akọrin tó dàgbà jù wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó mirí, ó rẹ́rìn-ín, ó sì jókòó. Wọ́n di mẹ́rin. Àwọn mẹ́ta tó kù kò dúró kí ẹnikẹ́ni bẹ̀ wọ́n.

Ṣùgbọ́n kò mọ síbẹ̀. Obìnrin onígèlè aláwọ̀ ewé náà jókòó. Àwọn ọmọ iléèwé jókòó, àwọn olùkọ́ wọn jókòó. Ìlà náà wálẹ̀ láti iwájú títí dé àtẹ̀gùn, funfun àti aró, ẹnikẹ́ni ò sì mọ ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀kan yàtọ̀ sí òpin èkejì mọ́. Ọ̀gá Ládèjọbí jáde láti ọ́fíìsì rẹ̀, ó rí wọn, ó tún padà wọlé. Ìyùnadé rò pé ó lọ pe àwọn aláṣẹ ni. Ohùn rẹ̀ ni wọ́n gbọ́ nínú gbohùngbohùn, tó ń sọ fún àwọn tó wà lójú afẹ́fẹ́ ìdí tí wọ́n fi dúró, orúkọ ẹni tí wọ́n dúró fún, àti orúkọ ẹni tó jókòó. Nínú ọkọ̀ tó sún mọ́ wọn jù, wọ́n rí àwọn èrò láti ara gíláàsì: ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń dìde lórí àga, tí wọ́n sì ń jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ọkọ̀.

"Àwọn ènìyàn ti dá a," ni Olùtò wí. "Mo ti pa ìṣirò náà rẹ́ ní gbogbo ibùdókọ̀."

Okùn bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Agogo mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú méje. Ariwo ayọ̀ tó sọ gba gbogbo pèpéle kan, akọrin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì gbé orin Ìyá Jọláadé lọ́nà tí ẹnikẹ́ni ò gbà kọ ọ́ rí, kíákíá, bí orin ìgbéyàwó. Ọ̀gbẹ́ni Fìjàbí fúnra rẹ̀ ló gbé àpò Màmá Orímisàn wọ ọkọ̀. Ó há mọ́ ọn lọ́wọ́ lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó yí i nílẹ̀ kó tó wọlé.

Ìyùnadé gbìyànjú láti dìde, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kú. Nọ́ọ̀sì fà á sókè. Ìyùnadé rí i pé òun ń sunkún, kò sì nu omijé náà.

Ọ̀gá Ládèjọbí wá bá a. Ó ní bó bá wọ ọkọ̀ báyìí, yóò ṣì bá àkókò ìwé kíkà. Ìyùnadé wo ìlà náà. Ó ti gùn ju ti àárọ̀ lọ, àwọn arúgbó sì wà níbẹ̀ tó yẹ kí ènìyàn na ọwọ́ sí. Ó yọ ìwé náà jáde, ó fi lé nọ́ọ̀sì lọ́wọ́, ó ní kí ó rọra kà á, kó má sáré níbi tí ahọ́n bá ti fẹ́ kọsẹ̀.

"Wọ́n fẹ́ fi ọ́ jẹ oyè lókè," ọ̀gá rẹ̀ wí.

"Ibí ni ibùdókọ̀ wà, sà."

Ọ̀gá Ládèjọbí wò ó títí. Ó tú àmì oyè kúrò láyà ara rẹ̀, ó fi kọ́ àyà Ìyùnadé, ó sì dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ fún un, tàgbàtàgbà.

Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án kí agogo méjìlá lù, ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ ibùdókọ̀ dún. Màmá Orímisàn ló wà níbẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ sókè bí ẹni tí kò gbẹ́kẹ̀ lé e pé ohùn òun yóò sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè.

"Wọ́n ti kọ orúkọ mi, ọmọ mi. Mo ní kí wọ́n kọ gbogbo rẹ̀, gbogbo èyí tí bàbá mi sọ mí. Ìwé náà fẹ́ẹ̀ má gbà á."

Ìyùnadé ní òun ti gbọ́. Ó gbé ẹ̀rọ náà kalẹ̀, ó padà sẹ́nu ọ̀nà, ó sì na ọwọ́ sí ẹni tó kàn.